Ọkọ̀ Ìyá Àgbà Tó Ń Fẹ̀gbẹ́ Rìn

Ata ló kọ́kọ́ dà. Apẹ̀rẹ̀ kan yọ̀ kúrò lórí èkejì, ata rodo tú sínú ọkọ̀, ó sì ń yí gbirigbiri lọ sápá òsì bí ẹni pé wọ́n ń pè é níbẹ̀. Obìnrin tó ni ín figbe ta. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ọkọ̀ lápá ibẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń yọjú wọlé tó tún ń padà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin tó fi ń darí rẹ̀. Kò pariwo. Ó dín eré ẹ́ńjìnnì kù títí ó fi ń kùn jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lósì, ẹ má dìde o. Ẹ máa fìdí wọ́ bọ̀ sáàárín, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ata sílẹ̀, ata ò ní kú sómi." Báyìí la ṣe gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, àgbà àti ọmọdé ń fìdí wọ́ bí ìkókó.

Omi dáàmù tó wà lẹ́yìn Ìdó-Ọ̀ṣun ni mò ń wí. Nígbà tí wọ́n sé odò, omi tẹ́ rẹrẹ, ó sì gba àárín àwọn ènìyàn àti oko wọn kọjá: ilé wà níhìn-ín, oko wà lọ́hùn-ún. Ìyá àgbà ló ń gbé wọn lọ láàárọ̀, òun náà ló ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, ilá àti ata. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni, láti abúlé olóko kòkó kan lẹ́bàá Iléṣà, níbi tí odò tó tóbi jù kò ju èyí tí ọmọdé lè fò kọjá lọ. Àwọn èrò ọkọ̀ a máa fi èyí bú u. Wọ́n á ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ìyá wa wá rídìí ẹ́ńjìnnì!" Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tí ò bá fẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà, omi nìyẹn, kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ ulé." Bó ṣe ń pe ilé ní "ulé" yẹn ló tún ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù.

Káfíńtà ni bàbá àgbà, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ yẹn. Ó kú nígbà tí mo ṣì kéré gan-an, n ò rántí ojú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó fi ọ̀dà aláwọ̀ yẹ́lò kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ náà: ÌYÀWÓ MI DÁRA. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ràgàjì, àmọ́ kò wọn àyè rẹ̀ dáadáa, DÁRA wá há mọ́ iwájú ọkọ̀, lẹ́tà rẹ̀ ń gun ara wọn. Ìyá àgbà ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìyẹn kà. Láràárọ̀, kó tó da epo sínú ẹ́ńjìnnì, á ki ìka bọ inú àdín, á fi pa àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi máa dán. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn àdín tó pò mọ́ òórùn epo ọkọ̀, etídò yẹn ni mo máa ń rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí ata dà, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn èrò. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti ń fì sósì, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, ojú wa sì ti mọ́ ọn. Àwọn kan ní obìnrin sísanra kan ló máa ń jókòó síbẹ̀, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Àwọn mìíràn ní bóyá omi ń bínú. Ìyá olórìṣà Ọ̀ṣun kan tó máa ń bá wa wọkọ̀, tí idẹ kún ọwọ́ rẹ̀, ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́: "Omi wo ló ń bínú sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo? Ẹ lọ yẹ ọkọ̀ wò."

Ọ̀rọ̀ dé etí bàbá mi ní Òṣogbo, níbi tó ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá. Kò tilẹ̀ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, bí a ò bá rídìí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, mo máa tú ẹ́ńjìnnì yẹn gbé lọ. Ẹ ó sì bá mi lọ sí Òṣogbo."

"Kí n lọ máa ṣe kí ni níbẹ̀? Kí n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n?"

"Kẹ́ ẹ má bómi lọ ni mò ń wí, Màámi."

Ìyá àgbà bojú wo omi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ òun ò parọ́. Bí ọkọ̀ yẹn bá dojú dé, ọmọ ẹlòmíì ló máa bómi lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, n ò mọ ohun tó máa kù tí yóò máa jí sí.

Àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo láti òsì sí ọ̀tún. Ọkọ̀ ṣì fì. Bàbá mi tú ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sórí koríko. Wọ́n gbọ́n gbogbo omi inú ọkọ̀, wọ́n kó pákó ìjókòó jáde, àní wọ́n mú bàtà mi tó wà níbẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ òfìfo, láìsí èèyàn, láìsí ẹrù, ṣì dà sósì lójú omi bí ẹni tí oorun ń kùn.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Igi rẹ̀ ló ti darúgbó, Màámi."

"Èmi náà ti darúgbó. Ṣé mo fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni?"

Ìyá àgbà ní kí a fa ọkọ̀ náà gòkè. A fà á bí a ṣe máa ń fà á, a gbé e kalẹ̀ bí a ṣe máa ń gbé e kalẹ̀. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan pákó bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Lápá ọ̀tún, pákó dáhùn: ko, ko, ko. Ó bọ́ sí òdìkejì, ó tẹ̀ ba, ó kàn án níbẹ̀. Bù. Bù. Kò dún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fa ọ̀bẹ yọ nídìí ìró rẹ̀, ó fi ẹnu ọ̀bẹ náà tẹ pákó. Ọ̀bẹ wọlé bí ìgbà tó wọ ẹ̀kọ, omi dúdú sì rọra ṣun jáde tẹ̀lé e. Ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ àmù tí a ò fọ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn yí ọkọ̀ po, ó ń wo bó ṣe sùn.

Ìdí ọkọ̀ yẹn kì í ṣe pẹrẹsẹ. Ó rí ṣóńṣó nísàlẹ̀, nítorí náà bó bá ti dórí ilẹ̀, ó di dandan kó fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà ti kú, ẹ̀gbẹ́ òsì la sì ń fi lélẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá àgbà ló pa á láṣẹ. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ sùn nínú ẹrẹ̀. Báyìí ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣe ń rí oòrùn, tó ń rí àdín, tí ẹ̀gbẹ́ òsì sì ń mu omi ẹrẹ̀ láti ọdún mọ́dún. Bí òjò bá tún rọ̀ sínú rẹ̀, apá ibẹ̀ náà ni omi á dúró sí. Ó ti mumi yó, ó sì ti wúwo ju èkejì lọ.

Àwọn èrò wà lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá wọn, wọ́n ń retí. Ìyá àgbà lè sọ pé pákó ò dára tẹ́lẹ̀, tàbí kó di ẹ̀bi ru òkú. Òkú kì í jiyàn. Ó kọjú sí wọn, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, èmi ni mo bà á jẹ́. Mò ń ṣìkẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, èkejì ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi." Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà sọ irú ẹ̀ rí lójú gbogbo ayé, láìjẹ́ pé ẹnìkan mú un. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ohùn bàbá mi ti rọlẹ̀. Òun náà mọ ohun tó kàn. "Màámi, ẹ jẹ́ ká dojú rẹ̀ délẹ̀ pátápátá."

"Etí rẹ̀ ò lè gbé e mọ́. Á ya."

"Ká tẹ́ igi sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Igi náà á máa ha á, bí a bá ṣe ń fà á." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn lẹ́tà náà, kò pẹ́ níbẹ̀. "Bàbá rẹ kàn án kó lè máa gbé èèyàn ni. Kò kàn án kí n lè máa wò ó. Ẹ yí i padà."

Àwọn ọkùnrin dìde, wọ́n dì í mú, wọ́n sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo gbọ́ bí yanrìn ṣe ń ha ọ̀dà náà, ẹkún sì gbọ̀n mí. Ìyá àgbà bojú wò mí.

"Kí ló dé, ọkọ mi? Ṣé ọ̀dà ló fẹ́ mi sílé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi wà lójú òun náà.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kọjú sí oòrùn, àwọn èèyàn sì ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ kọjá. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ Òṣogbo mọ́. Ó ń wá lópin ọ̀sẹ̀, ó pààrọ̀ pákó tó ti jẹrà, ó di àwọn ojú ihò. Lójoojúmọ́ ni ìyá àgbà ń kan ẹ̀gbẹ́ yẹn wò, tó ń dẹtí sí i, títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Nígbà tí a tì í sómi, òun nìkan ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Omi dọ́gba ní etí ọ̀tún àti ní etí òsì. Bàbá mi gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá, ó so ó mọ́ ọn.

Láti ìgbà yẹn, bó bá sùn sósì lónìí, ọ̀tún ni lọ́la. MI ló kọ́kọ́ parẹ́, ÌYÀWÓ tẹ̀lé e. DÁRA tó há sí kọ̀rọ̀ ló pẹ́ jù, òun náà sì lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ tuntun kan tí a gbé kọjá béèrè ẹni tó kan ọkọ̀ náà. "Ọkọ mi ni," ìyá àgbà dáhùn. "Ṣé ẹ rí bó ṣe jókòó dáadáa sórí omi?"

Iléṣà ni mò ń gbé báyìí, ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ń gba ẹ̀bùn nílé ìwé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, ó sì rọrùn láti máa yìn. Èkejì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, ẹni àkọ́kọ́ ló máa ń sáré wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń dì mọ́ ọn, mo sì máa ń kọjá lára rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo máa ń jókòó ti èkejì.