Ààrò Tí Kì Í Rú Èéfín

Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ ìwé nípa ọmọọbabìnrin kan ní ilẹ̀ àlọ́ tí kò sí níbì kankan. Ọ̀mọ̀wé ni. Ó gbọ́ èdè méje, ó mọ ìràwọ̀ lórúkọ, ó sì ń rọ irin láìjẹ́ kí aṣọ àlà rẹ̀ dọ̀tí. Èmi tí mo dá a, bí mo bá gbé ìrẹsì kaná nílé mi ní Ìkòròdú, gbogbo ẹ́sítéètì ló máa gbóòórùn rẹ̀ pé ó ti jóná.

Iṣẹ́ ńlá tí ọmọọba mi ṣe ni ààrò ìyanja tí kì í rú èéfín rárá. Mo mọ ohun tó mú mi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, ti ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ ilé ọlọ́ba lòun náà, àmọ́ ta ló máa pe obìnrin tó ń rùn bí ẹja lọ́mọọba? Dókítà ti sọ fún un pé bí kò bá jìnnà sí èéfín, ojú rẹ̀ á fọ́. Màmá ní ẹja ò kúkú ní yan ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Kí ni mo wá ṣe? Ṣé mo wá wẹ́dà tó máa ṣe ààrò gidi fún un ni? Rárá o. Ìwé ni mo kọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ mọ́tò ní gáréèjì Ìkòròdú, mo lọ kà á fún un lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó ń to ẹja àrọ̀ sórí wáyà, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ti rò pé ìtàn mi ló ń pa á lẹ́kún.

"Kò wá sí èéfín níbẹ̀ rárá?" ó bi mí.

"Rárá, mà. Ooru lásán ni."

"Ẹja tí kò jẹ èéfín, tó bá di ọ̀túnla, ìdin á ti wọ̀ ọ́. Ọmọọba ẹ ò tíì yan ẹja rí."

Pẹ̀lú èdè méjèèje, ọmọọba mi ò mọ̀ pé èéfín ni kì í jẹ́ kí ẹja bàjẹ́.

"Mi ò ní kó o lé e kúrò lára ẹja," ó ní. "Ojú mi ni kó o lé e kúrò."

Ó mú èédú, ó ń fi yàwòrán sórí sìmẹ́ǹtì: àpótí páànù gíga, ẹnu iná lẹ́yìn, ìlẹ̀kùn ẹja níwájú, páìpù lókè tó máa gbé èéfín kọjá orí èèyàn. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń rò ó.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, mà?"

"Ta ló bi mí?"

Èmi ṣáà wà ní Ìkòròdú, mò ń bi ẹni tí kò sí láyé. Ojú ara mi tì mí.

Páìpù tó yà dá dúró lọ́tọ̀, ó fi bí ìka mẹ́ta jìnnà sí àpótí. Kò rí i.

"Ṣó kan orí àpótí?" ó bi mí.

Mo gba èédú lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa ìlà náà kàn án.

"Ó kàn án, mà."