Abala Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Pa

Ká má tan ara wa, èmi ni mo pa abala òfin yẹn. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe àwọn olówó tó ni bàálù. Èmi tí mo kọ ọ́ náà ni mo fi ẹnu ara mi pa á, nínú yàrá ìpàdé hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Lẹ́kí, pẹ̀lú míìtì páì lọ́wọ́ òsì.

Ẹnjiníà tó ń tún bàálù ṣe ni mí. Nígbà tí àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ wa fẹ́ tún òfin àtúnṣe bàálù yẹ̀ wò, wọ́n ní kí gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà mú àbá wá. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ò tilẹ̀ ṣí ìwé náà. Èmi kà á. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í ní pálọ̀ wa lójú ọ̀nà Addo, tí ìyàwó mi ń bi mí pé, "Ṣé ìwé yẹn lẹ máa jẹ lálẹ́ ni?" Àbá kan ṣoṣo ni mo kọ. Òfin ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnì kan bá tún ohun tí awakọ̀ fi ń darí bàálù ṣe, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì buwọ́ lùwé. Ohun tí mo ní kí wọ́n fi kún un ni pé ẹni kejì yẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ abẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ ò mọ̀ wá. Níbi tiwa, ọmọ iṣẹ́ wo ló máa tan tọ́ọ̀ṣì sí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lójú ọ̀gá rẹ̀? Ta ló bí i dáadáa? Ṣé àṣìṣe àgbà ló fẹ́ máa wá kiri ni?

Mo mọ̀, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n di wáyà tó ń darí ìrù bàálù kan tán, wọ́n wá pè mí kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n ní, "Kí lo ń wá níbẹ̀? Ṣé èmi náà ni wàá yẹ̀ wò?" Kíá ni mo nàró. "Ẹ má bínú, sà." Mo buwọ́ lù ú láìwò ó. Bàálù yẹn gbéra, kò sì pẹ́ tó fi padà, awakọ̀ ní ọ̀pá tí òun fi ń darí ẹ̀ ń gbọ̀n. Píìnì kékeré tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Àwọn èrò tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún awakọ̀ nígbà tó balẹ̀. Èmi wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ háńgà tí a ti ń tún bàálù ṣe, mò ń bì. Ọ̀gá mi ní kí n má sọ ọ́ síta, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó mi.

Ìyàwó mi gan-an ló tì mí jáde láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé. "Ẹ lọ sọ ọ́ o. Ẹ má kàn lọ jẹun wálé." Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Ajah, mo wọ mọ́tò míì dé Lẹ́kí. Inú mi ń dùn, èmi àgbàyà. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ mi lábẹ́lẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú míìtì páì kan ni ọ̀gá mi wọlé. Wọ́n ti ní ilé-iṣẹ́ àtúnṣe tiwọn báyìí, àwọn onílé-iṣẹ́ yòókù sì ní kí wọ́n ṣojú àwọn. Irun wọn ti funfun báláú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n gbá mi mọ́ra. "Wá jókòó tì mí." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo jókòó tì wọ́n.

Nígbà tó kan àbá mi, obìnrin tó ń darí ìpàdé kà á sókè láìdárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Kí n tó nawọ́, ọ̀gá mi ti gba máìkì. Wọn ò bínú o, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Ẹni tó kọ èyí ò mọ ilé wa. Ṣé ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló máa bẹ̀rù láti sọ òótọ́ fún mi? Ọ̀kan nínú wọn rèé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Ẹ bi í."

Wọ́n gbé máìkì sí mi lẹ́nu. Obìnrin yẹn wò mí, ó ní ṣé òótọ́ ni, ó kúkú mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo la ẹnu, Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ohun tó jáde ni, "Bí wọ́n ṣe wí náà ni, mà."

"Ṣé ká yọ ọ́ ni?" Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Olúwa mi, ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì!

"Ẹ yọ ọ́, mà."

Ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ lé e, wọ́n bọ́ sórí èyí tó kàn. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́, kò ṣeé kó mọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú àbá yẹn ni mo fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀ níwájú wọn, kò sì sẹ́ni tó rí i. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì kórìíra ara mi.

Nígbà tí ìpàdé parí, ọ̀gá mi ní kí n sin àwọn dé ìta. Fóònù wọn dún. Dírẹ́bà wọn ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n wá nà án sí mi. "Bá mi kà á. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Lẹ́tà ibẹ̀ tóbi bí àtàǹpàkò. Dírẹ́bà ní òun wà ní géètì kejì. Mo kà á fún wọn. Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń fọwọ́ ara wọn tún bàálù ṣe.

"Ha! Lójoojúmọ́ ni. Mo ní ọ̀kan tí mo fẹ́ di láàárọ̀ ọ̀la." Wọ́n gbá mi léjìká. "Má ṣèyọnu, àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tí ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi."

Mo di ọwọ́ wọn mú títí a fi dé géètì kejì, kí wọ́n má baà kọsẹ̀.