Kọ́ńbò Ilé Wa Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù mí lọ, bàbá mi ni ẹnjiníà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ládùúgbò wa ní Dutse Alhaji, Abuja. Kò kàwé ẹnjiníà o. Iṣẹ́ fáìlì ló ń ṣe ní mínísírì kan láàárín ìgboro, ṣùgbọ́n ó ní sikirudiráífà, ó sì láyà. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ mọ irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe bí ẹni pé ilé tiyín kò ní. Bí áyọ́ọ̀nù kò bá gbóná tó, bàbá mi á tú u, á tún un tò, áyọ́ọ̀nù náà kò sì ní da ẹnikẹ́ni láàmú mọ́ láyé. Rédíò wa ń sọ̀rọ̀ dáadáa kí ó tó ràn án lọ́wọ́. Fáànù pálọ̀ náà ń fẹ́ atẹ́gùn kí ó tó wò ó sàn.

Àárọ̀ Sátidé ló máa ń tú nǹkan, ọjọ́ yẹn náà sì ni gbogbo iṣẹ́ ilé máa ń já lé mi lórí. Èmi ni mo ń dúró de mai ruwa, ọmọ Haúsá tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri. Màámi á jáde, á kí i ní “Okun o” bí àwọn ará ìhà Kàbbà tiwọn ṣe ń kíra, mai ruwa á ní “yauwa”, inú àwọn méjèèjì á dùn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì sọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa jókòó ti ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, tí mo máa bó o títí ìka mi á fi hun jọ. Bí èèpo bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ìkúnlẹ̀ ń dúró dè mí: ojú sí ògiri, ọwọ́ sókè, apá á máa gbọ̀n. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Mo kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, torí títí dòní mo mọ gbogbo ibi tí ògiri pálọ̀ wa ti sán.

Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun, àbúrò bàbá mi, ló gbé gìtá wọ ilé wa. Kí ó tó lọ sílùú òyìnbó, ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta á, ó sì fi í sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú kọ́ńbò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ kọ́ńbò, àpótí kan ni, ó ga tó orókún àgbàlagbà. Áńpílífáyà tó ń gbé ohùn gìtá sókè wà lókè rẹ̀, sípíkà tí ohùn ń gbà jáde wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ń gbé inú ilé kan náà bí ọkọ àti ìyàwó. Iná pupa kékeré kan máa ń tàn lójú rẹ̀ bí a bá tan án. Mo fẹ́ràn àpótí yẹn ju ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ti yege láti wọ ilé-ìwé bọ́dìn kan ní ìhà Gwagwalada, níbi tí wọ́n ti ka gìtá mọ́ ohun èèwọ̀ pẹ̀lú ìpara ètè. Lẹ́yìn ìkórè àwọn ọmọdé, tí ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ṣe nínú ọlidé, mo ń lọ nìyẹn. Bàbá mi ti ṣèlérí fún mi pé lọ́jọ́ ìkórè náà, gbogbo ìjọ ló máa gbọ́ gìtá mi kí n tó lọ. Mo fi orin ìdúpẹ́ kan ṣe ìdánrawò títí orí ìka mi fi bó. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún aṣọ tuntun, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún bàtà. Kí wọ́n ṣáà gbọ́ mi, ó tán.

Ni òjò bá lọ pa sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tó wà níta fún àwọn tí kò bá ríbi jókòó nínú ilé. Àwọn alàgbà pèpàdé. Kí wọ́n tó béèrè ẹni tó lè ṣèrànwọ́, bàbá mi ti dìde. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ dara wọn láàmú, pé kọ́ńbò kan wà nílé òun, òun á sọ ọ́ di sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, á sì tún máa jẹ́ kọ́ńbò gìtá lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló kó sẹ́nu yẹn.

Orí tábìlì oúnjẹ ló ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, lórí aṣọ tábìlì tí Màámi fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ó tú ẹ̀yìn kọ́ńbò, ó wá àwọn wáyà tó ti ara áńpílífáyà lọ sára sípíkà, ó gé wọn. Ó lu ihò sẹ́yìn àpótí, níbi tí wáyà láti ara áńpílífáyà ti ṣọ́ọ̀ṣì á máa wọ̀. Ó wá fi súìṣì sáàárín, èyí tó yọ lára fáànù tó ti wò sàn lọ́jọ́sí. Tí a bá yí i sápá òsì, sípíkà á gbọ́ ti gìtá. Tí a bá yí i sápá ọ̀tún, ti ṣọ́ọ̀ṣì ló máa gbọ́. Ó fi pẹ́ńtì funfun kọ “GÌTÁ” síhìn-ín, ó kọ “ÌJỌ” sọ́hùn-ún. Òórùn sọ́dà, òjé tó fi ń lẹ wáyà, pàdé òórùn ata tí Màámi ń dín, gbogbo wa ń wúkọ́ fún ògo Ọlọ́run.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ó ṣiṣẹ́! Ẹ̀rù bà wá. Màámi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnní ló béèrè ní pẹ̀lẹ́ bóyá àpótí náà lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ìyá Bọ́lá, sáyẹ́ǹsì lèyí o.” Màámi padà sídìí ata rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni wọ́n ya àpótí náà sí mímọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohunkóhun tó bá máa ṣiṣẹ́ nínú ilé Olúwa gbọ́dọ̀ gba òróró, alàgbà tó sì ta òróró náà kì í ṣahun. Ó dà á sórí kọ́ńbò mi títí ó fi ṣàn wọ ìdí àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Ohun tí bàbá mi kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ohun tí a bá ti ta òróró sí, kì í padà sílé mọ́. Àwọn alàgbà tún ní a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọmọdé, ni wọ́n bá fi téèpù dúdú lẹ súìṣì náà mọ́ apá “ÌJỌ”. Bàbá mi ò lè jiyàn. Wọ́n ti ń pè é ní Bùrọ̀dá Tẹ́kíníkà, wọ́n sì ti fún un ní àga níwájú, ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọmọ ba irú àga bẹ́ẹ̀ jẹ́?

Nílé, mò ń ta gìtá tí kò ní kọ́ńbò. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Mo máa ń fi etí lé ara igi rẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tí mo bá béèrè lọ́wọ́ bàbá mi, ó máa ń ní sùúrù ni baba ìwà. Inú ń bí mi débi pé mo bó ẹ̀wà láìku èèpo kan.

Ọjọ́ ìkórè pé. Bàbá mi ti lọ bẹ àwọn alàgbà, wọ́n sì gbà pé kí n jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, pé bí Bàbá Ìjọ bá parí ọ̀rọ̀ ìṣírí díẹ̀ fún àwọn ọmọdé, wọ́n á yí súìṣì fún mi. Mo gbé gìtá mi jókòó lábẹ́ kánópì, mo ki wáyà rẹ̀ bọ kọ́ńbò, mo tan án. Iná pupa ń tàn, kò sóhùn. Màámi jókòó lẹ́yìn mi láàárín àwọn ìyá tó ń ṣọ́ kúlà ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ ìṣírí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìjọ mú un láti ìgbà tí òun dé Abuja, tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Ó sọ bí wọ́n ṣe fún òun ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ bí wọn kò ṣe fún òun ní ìgbéga kejì àti àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ni ìkórè ti ń sùn lé ara wọn lórí. Ìrẹsì ti tutù. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn alága ètò pé àkókò ti lọ, pé kí Bọ́lá má bínú, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, kí Bàbá Ìjọ wá fi àdúrà tì í. Inú sípíkà mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo wo ẹnu ọ̀nà, bàbá mi dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì sí mi pé kí n ṣe sùúrù. Omijé bọ́ lójú mi. Ó dùn mí wọra.

Bàbá Ìjọ gba máìkì, ó ní kí òun tó gbàdúrà, òun ní ọ̀rọ̀ kékeré kan.

Màámi dìde. Màámi tí kì í gbé ohùn sókè sí adìẹ, tí kì í fọwọ́ kan súìṣì iná ilé bí bàbá mi bá wà nítòsí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí àpótí, ó fi èékánná ká téèpù dúdú náà kúrò, ó yí súìṣì. Ohùn Bàbá Ìjọ já láàárín ọ̀rọ̀ níta. Màámi wò mí, ó ní, “Ó yá, ta á.”

Mo ta á o! Orin ìdúpẹ́ mi náà ni. Àwọn ìyá dìde lẹ́sẹ̀ kan náà, àwọn ọmọ tó ń sùn jí, mai ruwa kan tó ń kọjá dá ọmọlanke rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó pariwo “Kai!” Bàbá mi sáré jáde, ó na ọwọ́ sí súìṣì. Màámi gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ọmọ yín ló ń dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.”

Bàbá mi dúró. Ó wo inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo Màámi, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba, ó wá bọ́tìnnì ohùn tó ń yọ̀ fún òróró, ó sì gbé e sókè sí i.

Nínú ilé, Bàbá Ìjọ ń bá ọ̀rọ̀ kékeré rẹ̀ lọ, títí ó fi rí i pé àwọn tó ń ṣe àmín ń dín kù, torí wọ́n ń gba fèrèsé yọjú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n gba àga iwájú lọ́wọ́ bàbá mi. Àwọn alàgbà ní obìnrin ti tú téèpù, àpótí náà ti di aláìmọ́, kí a wá gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni ohun mímọ́ tí kì í padà sílé ṣe padà sílé. Bàbá mi gbé e fúnra rẹ̀, ó ń kọrin lọ́nà.

Ayé ti yí padà báyìí. Bọ́ọ̀hóò ti gba iṣẹ́ mai ruwa ládùúgbò wa, ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ti di ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, bí ẹ bá sì ní kí ọmọ ìsinsìnyí kúnlẹ̀, á béèrè ìdí rẹ̀ lédè gẹ̀ẹ́sì. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ ní Kubwa ní sípíkà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Aago ńlá kan kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Kì í wò ó.

Ní ìkórè ọmọdé tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fẹ́ ka àkọ́sórí ní Yorùbá, òun tó jẹ́ pé ó ń gbọ́ ọ ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Màámi ló fi sùúrù kọ́ ọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ti dúró síwájú, ó ti la ẹnu, ni alága ètò gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní àkókò ti lọ. Gbogbo àwa òbí gbé fóònù sókè, à ń ya fídíò ẹ̀rín alága náà. Mo rí i tí ètè ọmọ mi ń gbọ̀n. Mo tún rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí Màámi, tí orókún rẹ̀ kò fẹ́ ṣe tirẹ̀ mọ́, di ẹ̀yìn àga iwájú mú, tó ń wá bí òun á ṣe dìde.

Mo ju fóònù sínú báàgì. Mo ní, “Màámi, ẹ jókòó. Ó kàn mí.”