Ìjókòó Ọkọ̀ Tí Mo Rẹ Láró

Orí ìjókòó ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ ọkọ mi ni ọmọbìnrin wa kú sí, nígbà tí à ń gbé e láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Oyún rẹ̀ ló bà jẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu aṣọ ìjókòó náà, a fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ èrò tó ń kó lọ sí Ofiki la fi ń jẹun.

Aláró ni mí nígbà náà. Mo ní bí kò bá rí àbàwọ́n yẹn mọ́, bóyá á tún wà á. Ìjókòó kò ṣeé rì sínú ìkòkò aró, mo bá ń fi àkísà tẹ aró sí gbogbo rẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn, kó lè bára mu. Ó dúdú dáadáa. Ìyálé mi wò ó, ó ní, "Ìyàwó, o sọ ọkọ̀ di aṣọ etù." Ẹ̀rín pa mí.

Ní Jímọ̀, ọkọ mi wà á lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó dé, gbogbo ẹ̀yìn jalabíà funfun rẹ̀ ti di aró. Òwú ni mo mọ̀ ọ́n rẹ. Aṣọ ọkọ̀ kì í ṣe òwú. Ojú rẹ̀ lásán ni aró náà dúró sí, àbàwọ́n sì ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá wọn, má fọwọ́ kàn án mọ́." Kò wa ọkọ̀ náà mọ́ títí tó fi kú.

Jalabíà náà wà lọ́dọ̀ mi. Òwú ni. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ.