"Nínú" Tí Mo Fi Sílẹ̀

Kí wọ́n tó jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú tí wọ́n bí mi sí, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ka ìwé ìkìlọ̀ nípa rẹ̀, kí n sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìwé náà ní kí n má mu omi wọn. Ó ní kí n má jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí n má sì tẹ̀lé ẹni tó bá ń pè mí wọ inú ilé. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá mi nìkan ló kúkú fẹ́ pè mí wọ inú ilé.

Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tó ń gbé àwọn arúgbó olówó ṣe fàájì káàkiri òkun, ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ló gúnlẹ̀ sí Àpápá, wọ́n sì ní kí gbogbo wa padà kí aago mẹ́rin tó lù. Àwọn èrò ọkọ̀ lẹ nọ́ńbà mọ́ àyà bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò, wọ́n sì kó wọn sínú bọ́ọ̀sì tútù kan pé kí wọ́n lọ ti ojú fèrèsé wo Èkó. Mo dá bàbá kan mọ̀ nínú wọn. Ṣòkòtò rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, torí ojú wọn kọ́ ni mo mọ̀, aṣọ wọn ni. Iṣẹ́ mi nìyẹn: ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí kò sí fèrèsé kankan, aṣọ ni mo máa ń lọ.

Àwọn ará ilé wa ní Múṣin ò mọ̀. Kápítẹ́nì ni wọ́n mọ̀ mí sí. Ẹ jọ̀ọ́, n kò purọ́ o. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ni mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá mi pé: "Mo wa oko nla bayi." Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n kọ "nínú", ta ló sì ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ìyàwó tó ń gbé yàrá kejì, tó máa ń bá ìyá mi ka fóònù, wò ó títí. Ó lè jẹ́ pé mo wá ọkọ ńlá kan, èyí tí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó lè jẹ́ pé inú oko ni mo wà. Ó wá mú èyí tó dùn ún gbọ́ jù: ó ní mo ń wa ọkọ̀ ńlá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Mo lè tún un ṣe. Ohun tí kò jẹ́ kí n tún un ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló fi rán mi lọ síléèwé. Bó bá ti ń fẹ́ ẹyín iná rẹ̀, á máa sọ pé, "Kàwé o. Ọmọ tèmi ò ní lọ aṣọ fún ẹnikẹ́ni." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé mo la òkun já torí kí n lè lọ di áyọ́ọ̀nù kan náà mú? Ẹ̀rù pé ó lè mọ̀ ni mo gbé dé ilé lọ́jọ́ náà.

Mo gba Costain, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì dé ilé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọdún mẹ́fà ni mo ti kúrò, síbẹ̀ "o kú ọjọ́ mẹ́ta" ni gbogbo wọn ń kí mi. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó gbé omi fún mi, mo sì mu omi tí mo tọwọ́ bọ̀wé pé n kò ní mu. Àlàájì onílé, tí kì í dá mi lóhùn nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ alágbàfọ̀, fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Kápítẹ́nì wa!" ó ní. "Tí ìgbì òkun bá dé, kí lẹ máa ń ṣe?"

Mo ní a máa ń di nǹkan mú. Ó mi orí, ó ní ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ kírun Jímọ̀ ni wọ́n mú iná wá, gbogbo ilé sì hó yèè. Àlàájì sáré gbé jalamíà funfun rẹ̀ jáde.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá mi lọ èyí kíá kí wọ́n tó tún mú un lọ."

Ìyàwó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní pásééjì, ó gbé áyọ́ọ̀nù tó ti gbóná jù lé e, ó sì yíjú láti tún wo kápítẹ́nì. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn aṣọ tó fẹ́ jó. Kí n tó mọ̀, áyọ́ọ̀nù ti wà lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n lọ jókòó. Ọwọ́ ò gbà. Mo wọ́n omi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, mo lọ èjìká, mo lọ apá, mo yí i padà, mo ká a pẹlẹbẹ bí a ṣe ń ká a fún àwọn olówó. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ilé ti pé yí tábìlì ká. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ọwọ́ mi ló ń wò. Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó.

"Háà! Kápítẹ́nì mà mọ aṣọ lọ o," Àlàájì ní. "Ṣé àwọn kápítẹ́nì náà máa ń lọ aṣọ ni?"

Ìyá mi ló dáhùn. "Kí lẹ rò, Àlàájì? Ẹni tí ò lè lọ aṣọ tiẹ̀, ṣé wọ́n á gbé ọkọ̀ ńlá lé e lọ́wọ́?"

Àlàájì gbà. Gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà mọ́ṣáláṣí ló sọ fún pé kápítẹ́nì ló lọ aṣọ òun.

Wọ́n ní arìnrìn-àjò ni mí, pé Jímọ̀ ò di dandan fún mi, wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá mi. Ó gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ síwájú mi. Lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ ọ̀tún mi, ó ká apá ẹ̀wù mi sókè. Àpá iná kan wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú kan náà ni àpá méjèèjì wà.

"Ṣé eléèédú ni?" ó bi mí.

"Rárá, Màámi. Iná mànàmáná ni."

"Iná ọ̀hún kì í lọ?"

"Látọdún mẹ́fà, kò lọ rí."

"Kéèyàn máa lọ aṣọ, kí iná má lọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Alihamudulilahi. O ti jù mí lọ."

Mo sunkún bí ọmọdé, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ "nínú" fún un. Ṣùgbọ́n bá a bá ń sunkún, à á máa ríran: aago méjì ààbọ̀ ti lù.

Nígbà tí mo padà dé Àpápá, bàbá oníṣòkòtò náà ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé òun ti rí Èkó tán. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí iṣẹ́ mi, mo yọ fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ ọ́ pé: "Màámi, mo ti wà nínú ọkọ̀."

Ọkọ̀ ò tíì ṣí tí èsì fi dé láti ọ̀dọ̀ Ìyàwó: "Bọ̀dá, Màmá ní kí ẹ yọ 'nínú' kúrò."