Ọ̀nà Nìkan Ni Bàbá Mi Ń Yà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí títì Ìlọrin ṣe rí kí ọkọ̀ tó pọ̀ báyìí, kó wá sílé wa ní Gàmbàrí. Fọ́tò kún báàgì kan níbẹ̀. Táíwò Road wà ńbẹ̀, láyé ìgbà tí èèyàn lè sọdá láìwo ọ̀tún wo òsì. Ọ̀nà Jẹ́bà wà ńbẹ̀, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ wà ńbẹ̀, pẹ̀lú àwọn pátákó funfun tí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kọ orúkọ ìlú sí, tí wọ́n ya ọfà sábẹ́ rẹ̀. Èèyàn kan ṣoṣo ò sí ńbẹ̀. Kò sí ewúrẹ́ pàápàá.

Bàbá mi ló ya gbogbo wọn. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ló ń ri pátákó ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ri ọ̀kan tán, wọ́n á gbé alùpùpù wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á padà lọ síbẹ̀ lọ yà á. Ṣùgbọ́n àlùfáà ni bàbá àgbà, àlùfáà tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Bàbá pé wọn ò gbọdọ̀ ya ohunkóhun tó bá ní ẹ̀mí. Bàbá ṣèlérí, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́. Wọ́n á gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n á dúró títí ẹni tó ń bọ̀ á fi kọjá lọ.

Ohun tó ń dùn mí ò ju ẹyọ kan lọ: mi ò mọ ojú ìyá mi. Ọmọ ọmú ni mí nígbà tí wọ́n kú. Wọn ò lọ Mẹ́kà, wọn ò ṣiṣẹ́ ìjọba, kò sí ohun tó gbé wọn dé iwájú kámẹ́rà rí. Bí mo bá bi àwọn ará ilé, wọ́n á ní, "Ó pupa, ó dára, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀." Ṣé ìyẹn náà ni ìdáhùn? Ta ni wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀ tó bá ti kú?

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, àwọn kan tó ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ pàtẹ tiwa fún aráyé wò. Wọ́n ní kí n ṣa àwọn tó mọ́ sọ́tọ̀. Mo kírun Àsárì tán nílé mi ní Basin, mo wọkọ̀ lọ sí Gàmbàrí, mo sì tú báàgì náà sórí ẹní níwájú Bàbá. Mo ń ṣà á, inú ń bí mi. Pátákó, títì, pátákó, títì! Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lanu.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ ya òpó, ẹ ya ìyànà, ẹ ya kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ ò ya ìyàwó yín. Ṣé òpó wá sàn ju ìyá mi lọ ni?"

"Mo ti ṣèlérí fún bàbá mi."

"Ìlérí kẹ̀! Àwọn àlùfáà ìsinsìnyí tó ń fi fóònù ya ara wọn láàárọ̀ lálẹ́ ńkọ́?"

Bàbá ò bá mi jà. Wọ́n na ọwọ́ sí ìdì kan tí mo ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Wọ́n ti bàjẹ́ ni. Òjìji ba ìsàlẹ̀ wọn jẹ́. Àwọn yẹn ní àwọn ò fẹ́ irú ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi etí aṣọ wọn nù ún, wọ́n gbé e fún mi. Pátákó ọ̀nà Jẹ́bà ni. Lórí ilẹ̀ iwájú rẹ̀, òjìji méjì na gbọọrọ. Ọ̀kan gbé ìgúnpá méjèèjì sókè: ti Bàbá nìyẹn, kámẹ́rà ló wà lójú wọn. Èkejì wé gèlè, ó kọjú sí ti Bàbá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ gọngọ.

"Ìyá rẹ nìyẹn," Bàbá ní. "Kò sí Sọ́ńdè tí kì í tẹ̀ lé mi. Èmi ni mo ní kó dúró níbi tí òjìji ẹ̀ á ti wọ inú fọ́tò. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ òjìji. Ìwọ ló pọ̀n sẹ́yìn yẹn."

Áà! Mo fa gbogbo ìdì náà mọ́ra, mo ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìyá mi nìyí, ìyá mi nìyí. Omi ń bọ́ lójú mi poroporo, mi ò tiẹ̀ fi pamọ́.

"Àṣé wọ́n ga tó báyìí?"

"Rárá o. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ló fà á gùn. Ìyá rẹ ò ga." Bàbá fọwọ́ ti ògiri, wọ́n rọra dìde. Wọ́n wá na àtẹ́lẹwọ́ síwájú àyà wọn. "Ibí yìí ló dé mi."

Wọn ò gbé ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀. Mo dìde, mo lọ dúró sábẹ́ rẹ̀. Ó bà lé mi lórí gẹ́lẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ padà jókòó, Bàbá ní, "Má tíì kúrò."