Aṣọ Ibùsùn Bàbá Ògúngbèmí

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tó ń kó Jùmọ̀kẹ́ Afọlábí nírìíra, kó má ronú kan ìgbẹ́ rárá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ilé ìwòsàn kan ní Ìjerò. Ó da pó ìgbẹ́, ó fọ èébì, ó nu ẹ̀jẹ̀, ó wẹ òkú kí àwọn ẹbí tó wọlé. Kò sí èyí tó mú un yínmú níbẹ̀. Ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ ni kí ẹni tó lè mú nǹkan mọ́ tònítòní máa fojú fo ìdọ̀tí. Nọ́ọ̀sì kan wà tó fi ọwọ́ tó fi tún egbò ṣe bu ìrẹsì jẹ lójú rẹ̀ láìfọwọ́. Láti ọjọ́ náà títí Jùmọ̀kẹ́ fi fẹ̀yìn tì, kò gba omi mu lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó padà sí Ilogbo, sí ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin báyìí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọlámijí, ń gbé ní Ìbàdàn. Ní òdìkejì ọ̀nà ni ilé Bàbá Ògúngbèmí wà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní agboolé, alágbẹ̀dẹ tó rọ ọkọ́ àti àdá fún gbogbo ìlú títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi lè gbé òòlù mọ́. Ọdún kejì rè é tí bàbá náà ti yọ̀ ṣubú lórí àpáta lẹ́yìnkùlé, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, tí kò sì dìde mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní Ọ̀ṣogbo àti Àkúrẹ́. Wọ́n ń fi oúnjẹ ránṣẹ́, wọ́n ń wá nígbà ọdún, ṣùgbọ́n Jùmọ̀kẹ́ ló ń yí bàbá padà lórí ibùsùn kí ìdí rẹ̀ má baà jẹrà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ kọjá ọ̀nà. Àwọn obìnrin ìjọ kan sọ fún un pé kò yẹ kí ọmọ Áńgílíkà máa wọ iyàrá tí irin Ògún wà ní igun rẹ̀. Ó ní irin náà kò tíì bá òun sọ̀rọ̀ rí, pé ìdí bàbá ló ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ní Sátidé kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, bọ́ọ̀sì kan gbé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rìnlá wá sí ìlú. Wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ “Ọ̀rẹ́ Àgbà” sí lẹ́yìn. Àlùfáà ti kéde wọn ní ìsìn, ó ní àwọn ọmọ náà yọ̀ǹda ara wọn láti wá kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe lè darúgbó nínú ìlera, pé kí gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá sí gbọ̀ngàn ìjọ. Inú Jùmọ̀kẹ́ dùn. Ó wé gèlè funfun lọ.

Inú dídùn náà kò dé ọ̀sán. Ọmọkùnrin tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò ká apá aṣọ ẹnikẹ́ni sókè. Orí búbá ló ń so ẹ̀rọ náà mọ́, á fún rọ́bà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní fi ohunkóhun sí etí, á sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ìwé. Ènìyàn mẹ́fà tẹ̀ léra, nọ́ńbà kan náà.

“Ọmọ mi,” ló wí, “ṣé ọmọ ìbejì ni gbogbo wa ni?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ara yín le. Ẹ lọ jókòó.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá wọn, Túnmiṣe, ọmọkùnrin gíga kan tó wà ní ọdún kẹrin, gba gbohùngbohùn. Ó ní kí àwọn àgbà máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Elijah, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, tó ti fẹsẹ̀ rìn lọ oko iṣu rẹ̀, tó sì ti rìn padà kó tó wá síbẹ̀, béèrè bóyá kí òun fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún ti òun ni tàbí kí òun yọ ọ́ kúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kó àwọn àgbà bọ́ sínú oòrùn, wọ́n ní kí wọ́n máa jó, wọ́n ń ya fídíò. Ohùn tí wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni èyí tí à ń fi bá ọmọ tí kò tíì yọ eyín sọ̀rọ̀. Jùmọ̀kẹ́ kò jó.

Nígbà tó di nǹkan bí agogo mọ́kànlá, Túnmiṣe wá bi í bóyá arúgbó kan wà ládùúgbò tí kò lè jáde. Ó rò ó wò. Ó ní bóyá ọkàn àwọn ọmọ náà dára ju iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ. Ó mú márùn-ún nínú wọn lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ògúngbèmí.

Ó ti wẹ bàbá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ti yọ aṣọ ibùsùn tí ó bàjẹ́, ó ti jù ú sínú bàsíà lẹ́yìnkùlé, ó ku kó bomi sí i. Aṣọ funfun tó lọ̀ ló tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ ní búbá tó mọ́. Òórùn ọṣẹ nìkan ló wà nínú iyàrá náà. Bàbá kí àwọn ọmọ náà, ó béèrè orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan àti ìlú tí wọ́n ti wá. Jùmọ̀kẹ́ ní kí wọ́n jókòó tì í kí òun lọ po ẹ̀kọ rẹ̀ wá. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń bọ̀. Ó rò pé bàbá tún ti ṣe é sára. Ó wọlé.

Wọ́n ti ká aṣọ funfun náà sórí àga. Wọ́n ti bọ́ búbá lọ́rùn bàbá. Aṣọ ìgbẹ́ tó wà nínú bàsíà ni wọ́n lọ gbé wá, ìdajì wà lábẹ́ rẹ̀, ìdajì wà lórí itan rẹ̀, eṣinṣin sì ti bá a wọlé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìtùnúolúwa di fóònù mú, ó ń ya fídíò. Túnmiṣe kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé páálí bisikíìtì lé àyà bàbá, ó ń sọ fún fóònù náà pé, “Báyìí la ṣe bá a.”

Bàbá gbójú sókè. “Ìyàwó,” ló wí, “wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀.”

Jùmọ̀kẹ́ padà síta, ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀, ó fi ìdérí bò ó dáadáa. Nígbà tó ń ròyìn ọjọ́ náà fún mi, ó ní itọ́ kíkan kún òun lẹ́nu bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì. Ní gbogbo ọdún tó fi da pó ní Ìjerò, kò bì rí. Ọjọ́ yẹn ló kù díẹ̀ kó bì, ìgbẹ́ kọ́ ló sì fà á. Ó tún wọlé.

“Ta ló gbé aṣọ yìí wá?”

Túnmiṣe ló sọ̀rọ̀. “Mọ́mì, ẹ má bínú. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ kì í ṣàánú bí wọn ò bá rí ìyà. Nítorí bàbá náà la ṣe ṣe é.”

“Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́,” ni Jùmọ̀kẹ́ wí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ara dí i. “Ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ ẹ lẹ máa ká a. Ẹ ó wẹ bàbá, ẹ ó wọṣọ fún wọn, ẹ ó tún ibùsùn wọn tẹ́. Ìgbà náà lẹ ó jáde nínú ulé yìí.”

“A ò mú ìbọ̀wọ́ wá, mà.”

“Èwo lẹ wọ̀ nígbà tí ẹ ń tẹ́ ẹ?”

“Igi la fi gbé e,” ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

Igi náà fẹ̀yìn ti ògiri lóòótọ́. Jùmọ̀kẹ́ wò ó, ó wo bàbá, ó wo àwọn ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí eruku kankan kò bà lé. Igi tí à ń fi gbé òkú ejò sọnù ni wọ́n fi gbé ìgbẹ́ lé àgbàlagbà lórí.

Túnmiṣe fọwọ́ kan etí aṣọ náà báyìí, ó sáré síbi fèrèsé, ó bì sára ògiri. Àwọn mẹ́ta tó kù ń wo ilẹ̀. Ìtùnúolúwa gbé fóònù sílẹ̀. Ó ká aṣọ náà, ó gbé e jáde, ó sì bu omi wá.

“Má fa apá wọn,” ni Jùmọ̀kẹ́ ń sọ láti ẹnu ọ̀nà. “Yí wọn sí ẹ̀gbẹ́. Ṣé o rí ibi tó pọ́n yẹn? Bí ìtọ̀ bá pẹ́ níbẹ̀, egbò ni yóò dà.” Omijé ń dà lójú ọmọbìnrin náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dákẹ́.

Kí wọ́n tó lọ, Túnmiṣe pa fídíò náà rẹ́ lójú rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ kò mọ̀ pé fóònù méjì ló ya á.

Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè, Ọlámijí pè láti Ìbàdàn. Fídíò náà ti wà lórí ayélujára, wọ́n fi orin ìbànújẹ́ sí i, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé níbi tí wọ́n pa bàbá náà tì sí làwọn ti rí i. Àìmọye ènìyàn ló ti wò ó. Wọ́n ń bú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ẹranko làwọn aládùúgbò rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àkọ́bí bàbá sáré dé láti Ọ̀ṣogbo, kò lè wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá ní kó fi fídíò náà han òun. Ó wò ó dópin.

“Mo rọ ọkọ́ fún gbogbo ìlú yìí,” ló wí. “Ìdí mi ni wọn yóò fi máa rántí mi.”

Ọ̀rá ni Jùmọ̀kẹ́ di aṣọ náà sí láti Sátidé. Kò fọ̀ ọ́. Láyé rẹ̀, kò fi aṣọ ìgbẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì rí, òun gan-an kò sì mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ Ọjọ́rú. Ó dì í ní ọ̀rá mẹ́ta, ó gun ọ̀kadà lọ sí Aramọkọ, ó wọ mọ́tò lọ sí yunifásítì náà. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó ń ṣí fèrèsé.

Olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ náà, Dókítà Bíọ́lá, fún un ní àga. “Màmá, ẹ káàbọ̀. A rí iṣẹ́ ńlá tí àwọn ọmọ wa ṣe ní ìlú yín.”

Jùmọ̀kẹ́ kò jókòó. Ó tú ọ̀rá náà, ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, sórí àwọn ìwé. Dókítà náà fò dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo imú.

“Ẹni tí àwọn ọmọ yín tẹ́ ẹ lé lórí, òun náà ní imú,” ni Jùmọ̀kẹ́ wí. “Ṣùgbọ́n kò lè dìde bíi tiyín.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò.”

“Ẹ pè wọ́n. Kí wọ́n wá fi igi gbé e.”

Ó sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n yọ fídíò náà kúrò, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti gbé e lọ. Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ Túnmiṣe. Ó kọ lẹ́tà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀: “Bí ohunkóhun nínú àbẹ̀wò wa bá bí yín nínú, a tọrọ àforíjì.” Jùmọ̀kẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó pòṣé. Ó ní “bí” tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yẹn ń rùn ju aṣọ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìtùnúolúwa nìkan dé. Kò wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Ó kúnlẹ̀ síta. “Mọ́mì, mo wá wẹ bàbá.”

“Fóònù rẹ ńkọ́?”

“Mo fi sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mà.”

Jùmọ̀kẹ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹ̀ẹ̀meje ló wá kí ìdánwò tó gbà á lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Bàbá ń pè é ní ọmọ òun. Jùmọ̀kẹ́ kò yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ fún mi pé òun kò lè wo ọwọ́ náà kí òun má rí fóònù nínú rẹ̀, pé kì í ṣe ohun tí òun yàn láti ṣe.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, bọ́ọ̀sì mìíràn dé, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Wọ́n ti ń lu orin ní gbọ̀ngàn ìjọ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kan ilẹ̀kùn bàbá. Ó kí wọn dáadáa, ó béèrè bóyá àwọn lè wọlé.

“À ń wẹ̀,” ni Jùmọ̀kẹ́ dáhùn láti inú ilé. “Ẹ máa lọ.”

Bàbá fetí sí ẹsẹ̀ ọmọ náà bó ṣe ń lọ. “Ìyàwó,” ló wí, “àwọn wọ̀nyí lè yàtọ̀.”

“Wọ́n lè yàtọ̀,” ni Jùmọ̀kẹ́ wí. Ó fún kànìnkànìn náà, ó sì ń bá a lọ láti nu ẹ̀yìn bàbá. Kò ṣílẹ̀kùn.